Aràn Tí A Ń Rí Nínú Ojú àti Èyí Tí A Kì Í Rí

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí, ojú náà sì ni àgbẹ̀ fi ń ṣọ́ oko. Ẹni tí kò bá ríran dáadáa kò lè mọ èpò yàtọ̀ sí irúgbìn, kò lè rí ejò tí ó ká sí abẹ́ ewé, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ka ìwé orin rẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi. Nítorí náà ni ẹ̀rù fi máa ń ba ènìyàn gidigidi nígbà tí ohun kan bá ṣe ojú, tí ìkánjú a sì mú un ṣe ohun tí ó burú ju àrùn náà lọ. Àwọn aràn àti kòkòrò kan wà tí wọ́n ń gbé lára ènìyàn, tí wọ́n sì ń dé ẹyinjú, ìpéǹpéjú, tàbí irun rẹ̀. Èyí tí ó ń dẹ́rù bani jù lọ nínú wọn kì í sábà fọ́ni lójú. Èyí tí ẹnikẹ́ni kì í fojú rí ni ó ń sọ ènìyàn di afọ́jú. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ yìí ti rí ààbò ńlá fún ojú ara rẹ̀ àti ti àwọn ará ilé rẹ̀.

Ohun tí ń rìn lójú

Bí ó ti sábà máa ń rí nìyí ní ilé oko. Àgbẹ̀ ti oko dé ní ìrọ̀lẹ́, ó wẹ̀, ó sì jókòó láti sinmi. Ó ṣe bí ẹni pé ìyàngbò wọ̀ ọ́ lójú. Ó fi ọwọ́ ra á, kò lọ. Ó ní, "Ìyá ọmọ, gbé fìtílà wá kí o bá mi wo ojú, ohun kan ń rìn níbẹ̀." Obìnrin náà gbé fìtílà sún mọ́ ọn, ó wò ó, ó sì kígbe pé, "Olówó orí mi, aràn ni o! Ó ń rìn lára ẹyinjú yín!" Kí a tó ṣẹ́jú, àwọn ará abúlé ti pé jọ. Ẹnì kan mú omi iyọ̀ wá, ẹlòmíràn fún oje ewé, òmíràn ní epo òyìnbó ni yóò pa á, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì ti mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ́wọ́ láti fi wa aràn náà jáde. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, aràn náà ti bá tirẹ̀ lọ, bí ì bá ti lọ bí a kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ojú tí a ti da epo sí, tí a sì ti fi abẹ́rẹ́ gún, ni ó kù tí ó ń ṣọgbẹ́. Bí ojú náà bá fọ́, aràn ni gbogbo abúlé yóò sọ pé ó fọ́ ọ, kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe aràn yìí ni Loa loa. Ó funfun, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Abo rẹ̀ a máa gùn tó mìlímítà 40 sí 70, akọ rẹ̀ a máa gùn tó 30 sí 34, bẹ́ẹ̀ ni ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ. Kì í ṣe inú ojú ni ilé rẹ̀. Abẹ́ awọ ara ni ó ń gbé, níbẹ̀ ni ó sì ti ń rìn káàkiri, láti apá dé ẹ̀yìn, láti ẹ̀yìn dé orí. Nígbà tí ìrìn rẹ̀ bá gba abẹ́ awọ ìpéǹpéjú tàbí abẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó bo funfun ojú kọjá, ìgbà náà ni a ń rí i. Ìgbà mìíràn a kọjá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìgbà mìíràn a pẹ́ tó wákàtí mélòó kan, tàbí ọjọ́ kan sí méjì. Ojú a máa pọ́n, a máa yún, a sì máa ro, ṣùgbọ́n bí aràn bá ti lọ, ojú a padà bọ̀ sípò.

Àmì kejì rẹ̀ ni wíwú tí í mú ènìyàn lójijì ní ọrùn ọwọ́, ní apá, tàbí ní ojú. Ibi tí ó wú náà a máa yún, a sì máa le, kò ní egbò, kò sì ní ọyún. Lẹ́yìn ọjọ́ bí i 2 sí 4 yóò fà, ó sì lè tún yọ ní ibòmíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ a sọ pé ènìyàn ni ó ta òun ní ọfà òru. Aràn yìí kan náà ni, níbi tí ó ti ń kọjá lábẹ́ awọ.

Ìtàn rẹ̀

Aràn yìí kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, ṣùgbọ́n òkè òkun ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé, ara àwọn ènìyàn tí a kó lẹ́rú sì ni wọ́n ti rí i. Ní 1770, èyí tí í ṣe 60 ọdún ṣáájú kí àwọn Ẹ̀gbá tó tẹ Abẹ́òkúta dó, oníṣègùn ará Faransé kan tí ń jẹ́ Mongin rí i tí ó ń kọjá lójú obìnrin ẹrú kan ní Saint-Domingue, ìlú tí a ń pè ní Haiti lónìí. Ó gbìyànjú láti yọ ọ́, ṣùgbọ́n aràn náà sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní 1778 ará Faransé mìíràn, François Guyot, tí í ṣe oníṣègùn nínú ọkọ̀ tí ń kó ẹrú lọ sí Amẹ́ríkà, rí irú rẹ̀ lójú àwọn tí a dì nígbèkùn, ó sì yọ ọ̀kan jáde. Orúkọ tí a ń pe aràn náà títí di òní, loa, ti ẹnu àwọn ará Áfíríkà wá.

Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ bí ó ti ń wọ ara. Ní 1895, Douglas Argyll Robertson, ọ̀gá nínú ìṣègùn ojú ní ìlú Edinburgh, kọ̀wé nípa ìyáàfin kan tí ó ti gbé ní Calabar, ní ìhà ìlà-oòrùn Gúúsù Nàìjíríà. Ó yọ aràn lójú rẹ̀, ó sì ṣe àkíyèsí wíwú tí í mú un lápá. Láti ìgbà náà ni a ti ń fi orúkọ Calabar pe wíwú yẹn káàkiri ayé. Ní 1910 ni Patrick Manson fi hàn pé aràn ni ó ń fa wíwú náà. Nígbà tí ó di 1912, Robert Leiper rí ìdáhùn sí ìbéèrè tí ó kù: eṣinṣin ni ó ń gbé e kiri.

Bí ó ti ń wọ ara

Eṣinṣin náà kì í ṣe eṣinṣin ilé tí ń bà sórí oúnjẹ. Chrysops ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó tóbi ju ti ilé lọ, ìyẹ́ rẹ̀ ní àmì dúdú, jíjẹ rẹ̀ sì dunni púpọ̀. Orí igi gíga inú igbó ni ó ń gbé. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ wá jẹ ènìyàn ní ọ̀sán, kì í jẹ ní òru. Abo nìkan ni ó ń mu ẹ̀jẹ̀. Etí odò tí igi ṣíji bò, níbi tí ewé ti ń jẹrà nínú ẹrẹ̀, ni ó ń yé ẹyin sí, inú ẹrẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Nítorí náà ni ó fi máa ń pọ̀ ní ìgbà òjò, tí ó sì pọ̀ níbi tí igbó ṣì dí.

Ohun kan wà nípa rẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo àgbẹ̀ mọ̀. Àwọn kòkòrò mìíràn a máa sá fún èéfín, ṣùgbọ́n eṣinṣin yìí ń wá èéfín igi wá ni. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ṣe ìwádìí nípa rẹ̀ nínú igbó Kamẹrúùnù ní àádọ́ta ọdún ìdajì ọ̀rúndún tí ó kọjá rí i pé àwọn tí ó jókòó ti iná igi ni ó ń wá jẹ jù lọ. Obìnrin tí ń yan gààrì lábẹ́ igi ní ọ̀sán, ọkùnrin tí ń sun iṣu ní ẹ̀gbẹ́ oko kòkó, àti ọmọdé tí ó jókòó tì wọ́n, gbogbo wọn ń fi èéfín pe àlejò tí wọn kò retí.

Bí eṣinṣin náà bá mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ní aràn yìí, yóò gbé ọmọ aràn mì pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Wọn yóò dàgbà nínú rẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ 10, nígbà tí ó bá sì tún jẹ ẹlòmíràn, wọn yóò gba ojú ibi tí ó jẹ wọlé. Yóò tó oṣù bí i 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí aràn tó gbó, lẹ́yìn náà ó lè wà láàyè nínú ara fún ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó ti fi oko sílẹ̀ tí ó sì ti lọ ń gbé ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù fi lè rí aràn lójú ara rẹ̀ ní ọdún pípẹ́ lẹ́yìn náà. Aràn ojú kì í ràn láti ọwọ́ sí ọwọ́, a kì í sì í kó o nínú omi mímu. Nítorí náà kò sí ìdí tí a fi gbọdọ̀ ya ẹni tí ó ní in sọ́tọ̀ níbi oúnjẹ tàbí nínú ìjọ.

Ohun tí kò yẹ kí a ṣe, àti èyí tí ó yẹ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi abẹ́rẹ́, ẹ̀gún, tàbí èékánná wa aràn lójú. Kí a má ṣe da omi iyọ̀, oje ewé, ìtọ̀, omi ṣúgà, tàbí epo òyìnbó sí i. Aràn náà kò sí lóde ojú kí nǹkan wọ̀nyí tó lè kàn án. Abẹ́ awọ ni ó wà. Ẹyinjú ni nǹkan wọ̀nyí yóò kàn, èyí tí ó mọ́ gaara tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Bí ọgbẹ́ bá ti wà níbẹ̀, àpá funfun yóò bo ojú, kò sì sí ewé kankan tí yóò ká a kúrò.

Ohun tí ó yẹ ni pé kí ó fi ara balẹ̀, kí ó má ra ojú, kí ó sì fi omi tútù tí ó mọ́ nù ún bí ó bá ń ro ó. Kí a ṣe àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí a rí aràn náà. Bí ilé-ìwòsàn bá wà nítòsí, kí a tètè lọ nígbà tí aràn ṣì wà lójú, nítorí dókítà ojú lè kán òògùn tí kì í jẹ́ kí ojú mọ ìrora sí i, kí ó la awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà díẹ̀, kí ó sì fi ẹ̀mú kékeré fa aràn jáde. Bí aràn bá ti lọ kí a tó dé ibẹ̀, kí a má ṣe padà sílé pẹ̀lú èrò pé ọ̀ràn ti parí. Ọ̀kan tí a yọ lójú kò sọ pé kò sí òmíràn lára. A ní láti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ọmọ aràn yìí a máa jáde sínú ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀sán, a sì máa fara pamọ́ ní òru. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a gba ẹ̀jẹ̀ náà láàárín aago 10 òwúrọ̀ àti aago 2 ọ̀sán. Ẹni tí ó bá dé ilé-ìwòsàn ní ìrọ̀lẹ́ lè gba ìdáhùn pé kò sí nǹkan lára òun, nígbà tí nǹkan wà. Àwọn ará Ẹ̀gbá kò ṣe aláìní ibi ìtọ́jú. Ilé-ìwòsàn Sacred Heart tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní Lántòrò ní 1895 ṣì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Federal Medical Centre wà ní Ìdí-Àbà.

Kí a má sì ra òògùn aràn yìí lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri ọjà. Òògùn kan wà, diethylcarbamazine, tí ó ń pa aràn náà àti ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó lò ó bá ní aràn kejì tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, òògùn náà lè ba ojú rẹ̀ jẹ́. Dókítà nìkan ni ó lè yẹ méjèèjì wò kí ó tó fún ni.

Aràn tí a kì í rí

Aràn kejì kì í rìn lójú kí a rí i. Eṣinṣin dúdú kékeré kan, tí kò tó eṣinṣin ilé, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì rí gọngọ bí abuké, ni ó ń gbé e kiri. Eṣinṣin yìí kì í yé ẹyin sínú ẹrẹ̀. Ibi tí omi ti ń ṣàn gììrì lórí àpáta ni ó fẹ́. Odò Ògùn tí ó gba Abẹ́òkúta kọjá ní irú ibẹ̀ púpọ̀. Ní 2012 àwọn olùwádìí tẹ ìwé jáde nípa bí àrùn yìí ti rí ní àwọn ìletò ẹ̀bá odò Ògùn. Àwọn ará Ìbàràpá, tí wọ́n múlé gbe Ẹ̀gbá níhà àríwá, mọ̀ ọ́n sí nárun. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní onchocerciasis, àwọn mìíràn sì ń pè é ní ìfọ́jú etí odò.

Aràn àgbà rẹ̀ a máa ká jọ sínú kókó lábẹ́ awọ, pàápàá ní ìbàdí, ní ìhà, àti lẹ́bàá orúnkún. Kókó náà kì í dunni. Àìmọye ọmọ aràn tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń ti ibẹ̀ jáde lọ káàkiri inú awọ. Awọ yóò máa yún lọ́sàn-án àti lóru, yóò sì gbó bí ti arúgbó. Awọ ojúgun yóò di alámì funfun bí awọ ẹkùn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn ọmọ aràn a wọ inú ojú, wọn a kú síbẹ̀, òkú wọn a sì mú ojú náà wú, a máa dá àpá sí i. Ẹni náà kò rí ohun kan tí ń rìn, kò sì kígbe pe ará ilé rẹ̀. Ó kàn ṣe àkíyèsí pé ìrọ̀lẹ́ ń tètè ṣú, pé abẹ́rẹ́ kò ṣeé fi òwú wọ̀ mọ́, títí ọmọ rẹ̀ yóò fi máa fi ọ̀pá fà á lọ sí ilé ìsìn, gẹ́gẹ́ bí Bartimeu tí ó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà Jẹ́ríkò.

Ọpẹ́ ni pé òògùn wà fún èyí, inú ilẹ̀ ni ó sì ti wá. Satoshi Ōmura, ọmọ ilẹ̀ Japan, bu erùpẹ̀ ní orílẹ̀-èdè rẹ̀, ó sì rí ohun abẹ̀mí tín-ín-tín kan nínú rẹ̀. William Campbell àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà rí i pé ohun tí ń ti ara rẹ̀ jáde ń pa aràn. Ara màlúù, ẹṣin, àti àgùntàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó, kí wọ́n tó lò ó fún ènìyàn. Ní 1987 ilé-iṣẹ́ Merck ṣe ìlérí pé àwọn yóò máa fúnni ní òògùn náà lọ́fẹ̀ẹ́ títí a kò fi ní nílò rẹ̀ mọ́, ní 2015 sì ni a fi ẹ̀bùn Nobel dá Ōmura àti Campbell lọ́lá. Ivermectin ni orúkọ òògùn náà; Mectizan ni àwọn ará abúlé mọ̀ ọ́n sí. Láti 1995 dé 2015 ni ẹgbẹ́ ńlá kan, tí orílẹ̀-èdè Áfíríkà púpọ̀ para pọ̀ nínú rẹ̀, fi kọ́ àwọn abúlé láti máa yan ẹni tí yóò pín in láàárín ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni a ti ń ṣe é ní ìpínlẹ̀ Ògùn pẹ̀lú.

Ọ̀pá ni apín-òògùn fi ń wọn gíga ènìyàn kí ó tó mọ iye hóró tí yóò fún un. A kì í fún ọmọ tí kò tíì tó sẹ̀ǹtímítà 90, tàbí aboyún, tàbí ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tàbí ẹni tí àìsàn líle dá gúnlẹ̀. Mectizan ń pa ọmọ aràn, ṣùgbọ́n kì í pa aràn àgbà inú kókó, èyí tí ó lè wà láàyè fún ọdún 10 sí 15. Nítorí náà ẹni tí ó gbé e mì ní èṣí kò gbọdọ̀ sọ pé òun ti lò ó tán. Bí àgbẹ̀ kò ti lè ro oko lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó sì sọ pé èpò ti parí, bẹ́ẹ̀ ni kò lè lo òògùn yìí ní ọdún kan kí ó sì fi í sílẹ̀.

Níbi tí méjèèjì bá pàdé

Ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé yìí ni kí olúkúlùkù òǹkàwé fi sọ́kàn jù lọ. Òògùn tí ó ń gba ojú là lọ́wọ́ aràn etí odò lè ṣe ẹlòmíràn tí ó ní aràn ojú ní ibi. Bí ọmọ Loa bá pọ̀ rékọjá nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, tí Mectizan sì pa wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, ọpọlọ lè dàrú, ẹni náà lè dákú, ó sì lè kú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà. Ní àgbègbè Okola ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, a dá pípín òògùn náà dúró ní 1999 nítorí ewu yìí. Ní 2015 àwọn olùwádìí padà lọ síbẹ̀ pẹ̀lú awò kan tí a so mọ́ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká, èyí tí ó lè ka ọmọ aràn nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọ́n yẹ ènìyàn 16,259 wò. Àwọn 340 ni ọmọ aràn pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, a kò sì fún wọn ní òògùn náà. Àwọn 15,522 gbé e mì, ewu ńlá kankan kò sì ṣe ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ẹ̀kọ́ inú èyí kò le. Kí ẹnikẹ́ni má sá fún Mectizan, nítorí ẹni tí ó sá fún un lè fi ojú rẹ̀ san án. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá ti rí aràn tí ń rìn lójú ara rẹ̀ rí, ìbáà ṣe ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, sọ fún apín-òògùn kí ó tó gbé e mì, kí a lè rán an lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Kí ó má tijú. Àwọn elétò ìlera pàápàá ń fi ìbéèrè yìí wá àrùn náà kiri: wọ́n ń fi àwòrán aràn lójú han àwọn ará abúlé, wọ́n sì ń bi wọ́n bí wọ́n ti rí irú rẹ̀ rí. Níbi tí ó bá ju ènìyàn 40 lọ nínú 100 tí ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n mọ̀ pé ìṣọ́ra ńlá yẹ níbẹ̀. Bí ẹni tí ó ti gbé òògùn náà mì bá ní ibà líle láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú, tàbí tí kò lè dá dúró, kí a gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí a má sì dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Àwọn tí ń gbé inú irun ìpéǹpéjú

Àwọn mìíràn wà tí wọn kì í ṣe aràn, tí irun ìpéǹpéjú gan-an jẹ́ ibùgbé wọn. Èkínní ni irú iná kan, pẹlẹbẹ bí akàn, tí í fi èékánná di irun mú. Kì í ṣe iná orí. Irun abẹ́ ni ó fẹ́ràn, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń dé ojú nípa ìfarakanra, tàbí nípa ẹní àti aṣọ àjọlò. Ìpéǹpéjú a máa yún, ẹyin rẹ̀ a sì lẹ̀ mọ́ irun bí ìyẹ̀fun tí a kò lè gbọ̀n dànù. Kí a má ṣe fi òògùn iná orí tàbí epo òyìnbó sí ẹ̀bá ojú. Elétò ìlera lè fi ẹ̀mú ṣà wọ́n, kí ó sì fúnni ní ìpara tí ó yẹ fún ojú, tí a ó máa fi pa irun náà títí wọn yóò fi kú. Kí a sì fi omi gbígbóná fọ aṣọ, ìrọ̀rí, àti ẹní. Bí a bá rí i lójú ọmọdé, kí òbí mú un lọ sí ilé-ìwòsàn, kí a sì fi pẹ̀lẹ́tù wádìí ibi tí ó ti kó o, nítorí ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ń ṣe ohun tí kò yẹ sí ọmọ náà. Kí a má ṣe na ọmọ.

Èkejì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i: kò tó ìdajì mìlímítà. Demodex ni orúkọ rẹ̀, oníṣègùn ará Jámánì kan, Gustav Simon, ni ó sì ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní 1842. Ìdí irun ni ó ń gbé, ọ̀rá ara ni ó sì ń jẹ. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ó ní i láìmọ̀, kì í sì í ṣe wọ́n ní ibi. Ìgbà tí ó bá pọ̀ jù nìkan ni ìpéǹpéjú ń pọ́n, tí èèpá a sì yí ìdí irun ká. Aṣọ mímọ́ tí a rì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, tí a fi nu etí ìpéǹpéjú ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, ń ran ni lọ́wọ́. Bí kò bá lọ, kí a fi han dókítà.

Fún ìgbà òjò

Láti oṣù Igbe títí dé oṣù Ọ̀wàrà, nígbà tí òjò ń rọ̀ tí eṣinṣin sì ń pọ̀, kí àgbẹ̀ máa wọ ẹ̀wù alápá gígùn àti ṣòkòtò gígùn lọ sí oko igbó. Kí a ká igbó kúrò lẹ́bàá ilé oko àti ní ọ̀nà omi. Kí ibi ìyan gààrì wà ní gbangba, kí ó jìnnà sí igbó dídí, nítorí ọ̀rọ̀ èéfín tí a ti sọ. Kí àwọn tí ń pọn omi tàbí tí ń fọ aṣọ níbi tí odò ti ń ṣàn lórí àpáta bo apá àti ẹsẹ̀ wọn dé ibi tí wọ́n lè bò ó dé, kí wọ́n má sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí a bá kéde nínú ìjọ tàbí ní ọjà pé àwọn apín-òògùn ń bọ̀, kí baálé ilé kó gbogbo ará ilé rẹ̀ jáde, kí ẹnikẹ́ni má ti oko sá.

Ẹni tí aràn bá tún rìn lójú rẹ̀ ní alẹ́ kan, tí ìyàwó rẹ̀ gbé fìtílà wá tí ó sì kígbe, kí ó dá a lóhùn pé, "Dákẹ́ ìyá ọmọ, bá mi gbé abẹ́rẹ́ yẹn padà sínú àpótí. Ní ọ̀la, kí oòrùn tó kan àtàrí, Lántòrò ni a ó wà." Ojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni yóò rí ìkórè ọdún tí ń bọ̀.